Yàrá Kẹrin, Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Irin Ṣábẹ

"Bọ̀ǹsúwà, màmá," ni ọmọkùnrin náà wí,
Rómárìkì ni wọ́n kọ sí àyà ẹ̀wù rẹ̀.
"Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín rèé ní Ṣábẹ?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
mo wo ilé, mo kọ orúkọ ọkọ mi sínú ìwé,
mo san ẹgbẹ̀rún méjìlélógún sẹfá,
ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ ègé igi kajú.

Yàrá mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀.
Ògiri funfun, aṣọ ìbùsùn funfun,
ẹ̀rọ amúlétutù tó ń mí bí ajá tó ti darúgbó.
Ibi tí wọ́n ṣe balùwẹ̀ sí,
ààrò ìyá mi ló wà níbẹ̀.
Fèrèsé ni mo fi dá a mọ̀,
fèrèsé kan ṣoṣo tó kọjú sí òkè,
tí àpáta ńláńlá ti máa ń yọjú wo inú ọbẹ̀ wa.
Ta ni yóò gbà gbọ́ pé ibi tí mo ti ń fọ abọ́
ni mo ti wá ń fi ọṣẹ olóòórùn fọ ẹsẹ̀ àlejò?

Bàbá mi ló ń ṣọ́ ojú irin nígbà náà.
Wọn kì í pè é lórúkọ. Láńtà ni wọ́n ń pè é,
àwa náà sì di ọmọ Láńtà,
kódà níwájú olùkọ́.
Tí ọkọ̀ Paraku bá ń bọ̀, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́:
omi inú ìkòkò á gbọ̀n, adìẹ á sáré,
ká tó gbọ́ fèrè.
Bàbá á gbé fìtílà sókè.
Dígí pupa, dúró. Dígí aláwọ̀ ewé, máa lọ.
Irin tó gùn tó ilé mẹ́wàá,
ọkùnrin tínínrín kan tó wọ bàtà rọ́bà ló ń pàṣẹ fún un.
Ẹ wá wo ìgbéraga ọmọ ọdún méje!

Ọkọ̀ ò wá mọ́. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀.
Ó kàn pẹ́ lọ́jọ́ kan, ó sì ń pẹ́ títí di òní.
Ewúrẹ́ ń jẹko láàárín irin,
wọ́n ń sá láfún sórí ibi tí èrò ti ń dìde dúró.
Ṣùgbọ́n bàbá ń nu dígí fìtílà náà
ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, títí ọwọ́ fi kọ̀ ọ́.

Mo jáde sí gbọ̀ngàn láti mu tíì.
Lára ògiri, láàárín àwòrán méjì,
mo rí i.
Ibi tó tẹ̀ wọnú lápá òsì yẹn,
èmi ni mo jù ú lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí Ọdẹ́tì àbúrò mi.
Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀:
"Fìtílà àtijọ́, láti Faransé."
Láti Faransé! Bàbá mi tí kò dé Kútọnu rí!
Ó lè jẹ́ òótọ́ o, irin rẹ̀ lè ti ibẹ̀ wá.
Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́?

Mo nawọ́ sí i.
"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, wọn kì í fọwọ́ kàn án."
Mo ká ọwọ́ mi kò bí olè.

Lóru, mi ò sùn. Ìbùsùn ti rọ̀ jù.
Ní nǹkan bí aago méjì, omi inú ife gbọ̀n.
Mo dìde jókòó.
Ọkọ̀ akẹ́rù ni, lójú ọ̀dà, òwú ló rù.
Mo mọ̀.
Síbẹ̀ mo lọ dúró lẹ́nu fèrèsé.

Láàárọ̀, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà.
Rómárìkì bi mí bóyá mo sùn dáadáa.
Mo ní kó yá mi ní bírò.
Lábẹ́ "láti Faransé" mo kọ ọ́ gbàdàgbàdà:
"Ẹ máa nu dígí rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."
Ó kà á, ó wò mí,
ó wo aago.