A Kò Sọ Ọ́

Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń so iná mọ́ orí,
tí mo máa ń mú ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀,
tí mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí igi rọ́bà mi.
Kí oòrùn Kanjirappally tó ràn ni oje máa ń dà,
bó bá ràn tán, oje á sé.
Mo ti ṣe bí èmi nìkan ló ń bá òru ṣòwò,
àfi ọdún tí Jismol ọmọ mi
fi ìdajì máàkì fìdí rẹmi nínú ìdánwò kíkà.

Ìdajì!
Nọ́ọ̀sì tó ti gbẹ̀bí fún ìyá tí kò lóǹkà,
ìdajì máàkì ló dábùú ọ̀nà Áyálándì rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ya wọ ilé wa bí ìjàlọ.
Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ìdérí ìkòkò ìrẹsì,
ó lẹ méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé màlúù.
Aleyamma, ìyá rẹ̀, ń fọ abọ́,
ó bá ọ̀rọ̀ kan nínú ìfófòó ọṣẹ:
"Kí lèyí túmọ̀ sí?"
"Ohun tó ti wọ́n, Màmá, tí kì í káríi wa."
"Ṣé ọṣẹ ni, àbí owó?"

Lálẹ́, èmi ni mò ń di bébà náà mú,
èmi tí n kò mọ̀ ju ìwé Málàyálámù lọ.
Mo ń nàka sí ọ̀rọ̀, òun ń pe ìtumọ̀ rẹ̀.
Bí ohùn rẹ̀ bá ti wá rírì, mo mọ̀ pé ó ti ṣì í,
bí mo ṣe ń gbọ́ igi tó fẹ́ gbẹ
láti ẹnu ọ̀bẹ.
Ọ̀kan wà níbẹ̀, yield. Ó ní oje tí igi ń mú wá ni.
Lọ́jọ́ kejì, ó tún ní kéèyàn yà fún ẹlòmíràn lójú títì ni.
Mo ní èwo ni ká mú?
Ó ní méjèèjì.
Háà, Òyìnbó mà ń fi ọ̀rọ̀ ṣahun o.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ló sáré wá bá mi:
"Bàbá, rọ́bà ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ lónìí!"
Ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀,
irúgbìn tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ tí wọ́n rọ̀ ọ́ sí,
títí a fi dé ìbéèrè kẹjọ:
bí ọ̀bẹ bá wọlé jù, ṣé igi á fara pa?
"Òótọ́ ni!" Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó kà á parí.
Ogójì ọdún! Ẹ wo igi ìdí kànga yẹn,
èmi ni mo ṣá a nígbà tí mo ṣì ń kánjú,
láti ọjọ́ náà, kò fún mi ní oje tó kún ṣíbí.
Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé wò.
"A gbà á, Bàbá. 'A kò sọ ọ́' ni ìdáhùn."
"Ta ni kò sọ ọ́?"
"Ìwé náà. Ó lè jẹ́ òótọ́ o,
ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí nínú ìwé,
a kì í mú un láti ilé wá."
Inú bí mi. Mo lọ pọ́n ọ̀bẹ mi.

Ó yege ní oṣù Ọ̀wàrà.
Àpótí rẹ̀ ti wà ní pálọ̀, a ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta,
òjò ti fọ ọ̀rọ̀ kúrò lára ilé màlúù.
Lánàá ó jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn.
"Bàbá, ṣé inú yín dùn pé mò ń lọ?"
Mo wo igi. Mo wo ẹsẹ̀ mi.
Mo ní, "Aago mélòó ni ọkọ̀ máa dé?"

Ó wò mí títí.
Ó fa ọwọ́ òsì mi, ó yọ báírò,
ó kọ N, ó kọ G sí ẹ̀yìn rẹ̀,
èyí tí wọ́n máa ń kọ síbi tí ìwé bá ti dákẹ́.

Aago mẹ́ta ti lù. Mo ti so iná mọ́ orí.
Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi omi ṣàn.