Ẹni Tó Lọ Pẹja ní Dúlúùtù

Ọ̀sán Jímọ̀, Wẹ́ńdẹ̀lì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọ́ìlì ọkọ̀ tí ń ha yìnyín kì í tètè kúrò lábẹ́ èékánná.
Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ pẹja.
Kì í ṣe irọ́ tán pátápátá:
nǹkan kan wà nísàlẹ̀ omi tó ti ń wá láti ọgbọ̀n ọdún.

Wákàtí mẹ́ta lórí títì, igi páìnì lọ́tùn-ún, igi páìnì lósì,
àpótí kan nínú búùtù, lábẹ́ àwọ̀n:
gáùn aláwọ̀ ewé, wíìgì kan,
bàtà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, tó ń fún un ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀.
Nílé epo kan ló ti pààrọ̀.
Ẹni tó wọlé ta epo kọ́ ló jáde.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì tó kọjú sí adágún, wọ́n béèrè orúkọ.
Ó ti kọ́ ọ sórí lójú ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.
"Màrítì." Orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ tó ti Nọ́wè wá.
Ohùn rẹ̀ já láàárín.
Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Ẹ fọwọ́ síbí, mà."
Mà!
Ọ̀rọ̀ tí kò tó ìkúnwọ́ iyọ̀,
òun ló gbé e dé àjà kẹta.

Ní Sátidé, afẹ́fẹ́ adágún ò mọ àgbà.
Ó fọwọ́ di wíìgì mú bí ẹni tó ru omi,
ó ń rìn, kó, kó, kó, lórí pákó etíkun.
Ọkọ̀ ojú omi gígùn kan ń bọ̀, ó kún fún òkúta irin,
afárá gbéra sókè fún un, gbogbo èrò wòkè.
Ẹnikẹ́ni kò wo Màrítì.
Ojú tó ti ń sá fún láti ìgbà èwe,
ojú ọ̀hún rèé rẹpẹtẹ, ọkọ̀ ni wọ́n ń wò.
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú.

Àfi ọmọ kékeré kan tó ń lá áísìkiriìmù:
"Mọ́mì, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"
Ìyá fà á lọ́wọ́. Màrítì dúró sójú kan.
Èdè ibẹ̀ a máa dá ènìyàn dúró bí aṣọ́bodè:
mú ọ̀kan, kí o tó kọjá.
Èmi tí mo ń ròyìn yìí, "ó" ni mo ń wí láti Jímọ̀,
ahọ́n mi kò sì kọsẹ̀.

Lálẹ́, òkè ilé ìtàwé àtijọ́ kan,
àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún, bàtà ka gbogbo rẹ̀.
Ènìyàn mẹ́tàlá. Ọ̀dùnkún àti wàràkàṣì nínú àwo gbígbóná.
Kọ̀dílíà, tó fi ogójì ọdún pín lẹ́tà,
ló ń pín ìwé pélébé:
"Kọ orúkọ tí o fẹ́ ká máa pè ọ́. Tẹ gègé yẹn dáadáa, ọ̀lẹ ni."
Ẹ́mẹ̀tì, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún,
ní irùngbọ̀n mẹ́rin ti hù, ó ní ká kà á.
A kà á. Mẹ́ta ni. A ní mẹ́rin ni.

"Ìwọ ńkọ́, Màrítì, ibo lò ń lọ?"
Kò mọ̀. Bóyá òpin ọ̀sẹ̀ lásán. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ.
"Mo kàn fẹ́ jókòó."
Wọ́n fa àga fún un.
Ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì;
ẹsẹ̀ mẹ́fà ti wà níbẹ̀ ní ìhòòhò.

Ọjọ́ Àìkú, Wẹ́ńdẹ̀lì ra ẹja lójú ọ̀nà.
Lọréènì tú u nínú ìwé, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Ẹja yíyan ló kó sí àwọ̀n rẹ?"
Kò rí èsì. Ó gbé ẹja sórí àwo,
ó bu omi sínú kẹ́tù,
ó kọ ẹ̀yìn sí i:
"Tí o bá tún ń lọ, mú súwẹ́tà mi dání.
Afẹ́fẹ́ adágún yẹn kì í mojú gáùn."