Yàrá Kẹta, Ẹ̀bútẹ́ Ìdí-Ọ̀mọ̀

Àlejò tó bá sùn ní yàrá kẹta
kì í pẹ́ kó tó béèrè òórùn tó ń gbọ́.
Mo máa ń ká aṣọ ibùsùn sí apá,
mo máa fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo máa ní:
epo pupa ni, ọmọ mi.
Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti yí àgbá ìkẹyìn jáde,
ògiri ò tíì gbàgbé.

Odò Ògùn nìyẹn lẹ́yìn fèrèsé,
ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Ẹ má gbà á gbọ́.

Máníjà Ṣóyọyè kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà
pé ọjọ́ tí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù ni ibí yìí bẹ̀rẹ̀.
Mò ń gbálẹ̀ abẹ́ pátákó náà láràárọ̀, n ò wí nǹkan kan.
Ṣùgbọ́n lọ fọwọ́ kan òkúta dúdú etí omi,
èyí tí àwọn ọmọge ń jókòó lé ya fọ́tò:
wàá bá ojú okùn níbẹ̀, ó jìn tó ìka kan.
Okùn ọkọ̀ ló jẹ òkúta bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ní abẹ́ òkúta ni Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí;
ta ló bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń jẹun?

Ṣómẹ́fun, baba ìyá mi àgbà,
mọ odò ju ọ̀nà oko lọ.
Ọ̀pá ló fi ń tu ọkọ̀, àyà rẹ̀ sì lé kókó
níbi tí ìdí ọ̀pá ń tì.
Ó ń gbé epo lọ sí Èkó, ó ń gbé iyọ̀ bọ̀.
Lílọ, odò á gbé e;
bíbọ̀, kí Ọlọ́run ṣàánú.
Ìyàwó rẹ̀ a jókòó sórí òkúta yẹn,
a máa ka igi tó ń léfòó kọjá.
Ó ní bí òun bá ka ogún, ọkọ òun á dé.
Ìgbà mìíràn, ó ka igba.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé Làfẹ́nwá.
Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan,
gbogbo ẹ̀bútẹ́ dákẹ́.
Ọkọ̀ ti gba ọkọ lọ́wọ́ obìnrin fún ọdún méjìlélógún;
nígbà tí ọkọ̀ lọ, ọkọ́ ló kù nílẹ̀.
Ṣómẹ́fun he é. Kò mọ̀ ọ́n dì mú.
Ebè rẹ̀ ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí odò.

Ní báyìí, wọ́n fi páànù pupa bo ilé ìkẹ́rù,
wọ́n so ibùsùn olókùn sáàárín igi ọ̀mọ̀ méjì.
Igi tí wọn ìbá gbẹ́ lọ́kọ̀ láyé àtijọ́
ló gbé ọ̀dọ́kùnrin tó ń sùn, fóònù láyà.
Ó dára. N ò ní purọ́.
Tí oòrùn bá ń wọ̀ ní òdìkejì,
omi a dà bí idẹ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀,
lékèélékèé a sọ̀ sórí àpáta,
olówó àti àtọ̀húnrìnwá a sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí òjò bá pọ̀,
tí wọ́n ṣí ìsédò lókè,
odò á gun àtẹ̀gùn, kò ní kanlẹ̀kùn,
yàrá kẹta ló máa kọ́kọ́ wọ̀.
Máníjà á máa sáré kó tìmùtìmù.
Èmi á ká ìró dé orúnkún, mà á máa wò ó
bó ṣe ń rá pálá yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká
bí ẹni tó ń wá ẹrù tó fi pamọ́.
Lọ́dún tó kọjá mo sọ fún un pé,
"Wọ́n ti kó o lọ. Rélùwéè ni."
Kò gbọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ló lò.
Nígbà tó máa lọ, ó fi òbòkún kan sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.
Mo sè é. Máníjà jẹ nínú rẹ̀,
ó ní kí ni mo fi sí i tó fi dùn báyìí.