Ògiri Ìyẹ̀wù

Oṣù keje rè é tí wọ́n ti rán iṣan èjìká mi
bí ẹni lẹ ṣòkòtò oko.
Dókítà ní ó ti jinná.
Èjìká ò gbọ́ èdè dókítà.

Lóru, orí àga ni mo ń sùn,
ìrọ̀rí lábẹ́ abíyá, bí adìẹ tó sàba.
Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ àgbà:
ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ló ń gbà wọlé.

Fọlárìn tó ń bá mi na apá ní ọsibítù
ní kí n máa fi ìka gun ògiri láràárọ̀,
díẹ̀díẹ̀, bí alángbá tó yó.
Ògiri wo? Èyí tí mo fọwọ́ ara mi mọ
ní Arówómọlé, lọ́dún tí a bí Àtóókẹ́,
búlọ́ọ̀kù mẹ́rìnlá sókè, n ò sinmi.

Àtóókẹ́ ló ń fi èédú fàlà síbi tí ìka mi bá dé,
bí ẹni ń wọn ọmọ tó ń ga.
Lánàá, mo kọjá ìlà kẹfà.
Lónìí, ìkarùn-ún ni mo ti ké.

Ó fàlà náà síbẹ̀.
"Bàbá, ògiri ò ṣáà lọ ibì kan."
Ó gbé ẹ̀wù mi wá;
apá tó ń dùn mí ló kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́.