Dúrọ́ọ̀ Kejì láti Ìsàlẹ̀

Ní dúrọ́ọ̀ kejì láti ìsàlẹ̀, nínú ọ́fíìsì mi
ní kóòtù Ẹkùn Brandvold, ní Dakota Àríwá,
ìwé àṣẹ ìmúni mẹ́tàdínlógójì ló sùn síbẹ̀.
Ìwé kì í jẹ, ìwé kì í mu,
ìwé kì í darúgbó bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ìlú wa kò tó ẹgbẹ̀rin èèyàn.
Kò sí orúkọ kan níbẹ̀ tí n ò mọ ojú tó ni ín.
Obìnrin tí kò san owó ìtanràn ajá,
òun ló ṣe kéèkì ìsìnkú ìyá mi.
Àti Orrin Tveit.

Ọ̀ràn Orrin kò ju iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan lọ,
pupa kan tó kú lóṣù Kejì, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.
Wọ́n ní kó wá rojọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án.
Ní aago mẹ́sàn-án, apá rẹ̀ wà nínú màlúù dé èjìká,
ó ń fa ọmọ tó fẹ́ fi ìdí wá sáyé,
yìnyín sì ti bo ilẹ̀ débi pé òpó wáyà nìkan ló mọ ibi tí ọ̀nà gbà.
Ọmọ màlúù yè.
Ọ̀ràn náà yè pẹ̀lú rẹ̀.
Adájọ́ pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, àga òfìfo ló wò ó lójú.
Èmi ni mo tẹ ìwé náà. Èmi ni mo lu òǹtẹ̀.

Bí ó ṣe gbọ́, n ò mọ̀. Ní ìlú kékeré, afẹ́fẹ́ ni akọ̀wé.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé Orrin kò gba ọ̀nà ọ̀dà mọ́.
Ẹ̀yìn oko àlìkámà ló ń gbà,
máìlì mẹ́rìnlélógún dípò mẹ́jọ, nítorí àpò iyọ̀ màlúù kan.
Eyín ro ó, ó fi ẹ̀mú yọ ọ́ fúnra rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí Solveig ọmọ rẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama,
ó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ilé ìkó-ọkà,
ó ṣí fèrèsé, kó lè gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ ọmọ náà.

Òfin kò ní kí n pè é.
Mo ka òfin lẹ́ẹ̀mejì: òfin kò ní kí n má pè é.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn tí mo fọ abọ́, mo tẹ nọ́ńbà.
“Orrin, Lavonne ni. Ti kóòtù.”
Mo gbọ́ ajá. Mo gbọ́ tí ajá náà dákẹ́.
“Fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá. Ẹni tó rìn wọlé
kò jọ ẹni tí wọ́n wọ́ wọlé.”
“Ṣé wọ́n á tì mí mọ́lé?”
“N ò lè búra.”
“Ta ni yóò fún màlúù lóúnjẹ?”
Mo ní, “Èmi.” Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ̀rù màlúù ń bà mí.

Ó wá. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ìlà páálí ṣì wà láyà rẹ̀.
Adájọ́ Reinholt ka ìwé náà, ó tún un kà.
“Iná ẹ̀yìn?”
“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”
“Ṣé o ti tún un ṣe?”
“Mo ti ta ọkọ̀ náà, sà. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án.”
Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín.
Dọ́là márùndínláàdọ́rùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́rin; mo wo aago.
Mo lu òǹtẹ̀ pé a ti fagi lé e.
Ọwọ́ kan náà, tábìlì kan náà.

Ó gba ọ̀nà ọ̀dà lọ sílé lọ́sàn-án gangan.
Ó ní ọkọ̀ ṣẹ́ríìfù pàdé òun lẹ́bàá afárá,
awakọ̀ náà gbé ìka kan sókè lórí ìdarí,
bí a ṣe máa ń kí ara wa níhìn-ín.
Ó ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Ó ku mẹ́rìndínlógójì.
Òní Ọjọ́bọ̀. Mo ti fọ abọ́.