Àpótí Kẹfà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣí àpòòwé.
Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ mi, tíì ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
òjò Wéésì sì ń lu fèrèsé ọ́fíìsì láti àárọ̀.
Ìjọba ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn aráàlú
lórí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ tì pa,
kí àwọn ọmọ orí òkè lè máa sọ̀ kalẹ̀
lọ sí ńlá kan ṣoṣo nínú àfonífojì.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fún ẹnu láti sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ Ẹtì, láago márùn-ún, ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ á tì.

Àpótí márùn-ún ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan:
mo fara mọ́ ọn gidi, mo fara mọ́ ọn díẹ̀,
n kò sí níhìn-ín n kò sí lọ́hùn-ún,
n kò fara mọ́ ọn, n kò fara mọ́ ọn rárá.
Ẹ fi àmì sí ẹyọ kan. Ẹ má ṣe kọ̀wé kọjá ìlà.

Idwal Prydderch kọ̀wé kọjá ìlà.
Darandaran ni; ìwé rẹ̀ ń rùn bí irun àgùntàn tí òjò pa.
Ó ní bàbá òun ló fi èjìká ru òkúta ògiri ìwọ̀-oòrùn.
Ó ní bí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́ Cwm Hesgin,
ta ni yóò máa sọ èdè àwọn lórí òkè yẹn,
àgùntàn?
Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: Kò fara mọ́ ọn rárá. Ìdí: àṣà.
Ọ̀rọ̀ kan péré.
Òkúta bàbá rẹ̀ kò rí àyè níbẹ̀.

Mo wà ní ìpàdé wọn, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀gá wa tan àwòrán sára ògiri,
ọfà pupa, iye owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.
Heulwen, tí ìkókó rẹ̀ ń sùn láyà rẹ̀, dìde:
"Àwọn tó wá fi okùn wọn pápá ìṣeré lóṣù tó kọjá,
kí ni wọ́n ń wọ̀n?"
Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀rọ amúlégbóná nìkan ló ń kùn.
A kì í fárí lẹ́yìn olórí, òótọ́ ni:
wọ́n pe olórí, wọ́n fún un ní àga àti bísíkíìtì,
ó jókòó, ó wolẹ̀,
ó rí irun ara rẹ̀ nílẹ̀.

Lónìí, àpòòwé kan fúyẹ́ ju ìyókù lọ.
Lleucu, ọmọ ọdún méje.
Kò fàmì sí àpótí kankan.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ewé fa àpótí kẹfà, ó wọ́ díẹ̀,
ó ya ara rẹ̀ sínú rẹ̀, tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn;
ó ya afárá, ó ya odò,
ó sì ya odò náà sórí afárá.
Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé:
"Bí omi bá kún, ta ni yóò mú mi wálé?"

Kọ̀ǹpútà kò gbà á. Ó ní àmì kò sí, ìdáhùn kò pé.
Mo tún un tẹ̀. Ó tún un sọ.
Eirlys na ọrùn láti orí tábìlì kejì:
"Kà á mọ́ àwọn tó bàjẹ́, jọ̀ọ́, aago mẹ́rin ti kọjá."

Èmi mọ afárá yẹn.
Bàtà ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
A ò rí èkejì pẹ̀lú.

Mo fi ìwé ọmọ náà ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ ìjábọ̀.
N kò fún un ní nọ́ńbà.
Wọ́n lè ṣí i kọjá, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ buwọ́ lùwé á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án,
ṣọ́ọ̀kì á sì ràn án níka.
Tèmi rèé. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.