Ọdún Tó Wà Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo mọ̀.
Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń tú u, tí mo ń dì í pọ̀
létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń já ẹja.
Bó bá kọ̀ tí kò jí, mo máa ń gbọ́ ohun tó ń dùn ún:
bóyá epo ni kò dé ọ̀fun rẹ̀,
bóyá púlọ́ọ̀gì ló mumi yó.
Ṣùgbọ́n ohun pẹlẹbẹ tí mo gbé wálé lọ́jọ́ Àlàmísì,
tí mo fi owó àjọ oṣù mọ́kànlá rà,
kò lépo, kò ní púlọ́ọ̀gì.
Ojú kan ṣoṣo ló ní, òrùka funfun kan wà láàrin ojú náà,
ó ń yí.

Ó ń yí bí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀,
tí kò rí omi gbá sẹ́yìn.

Mo pa á. Mo tàn án.
Mo yọ wáyà lára ògiri, mo kà dé ọgọ́ta
bí ọmọkùnrin tó tà á fún mi ṣe wí.
Òrùka.
Mo gbé ẹ̀rọ ayélujára kúrò lẹ́yìn fìríìjì,
mo gbé e sójú fèrèsé, mo fi agolo mílíìkì mẹ́ta tì í nídìí.
Fídíò ń lọ geere lórí fóònù mi.
Tẹlifíṣọ̀n ní kò sọ́nà.
Ọ̀nà wo ni kò sí? Ṣebí yàrá kan náà lẹ jọ wà!
Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹrin
pẹ̀lú ìka tí gíríìsì ti sọ di kùkùté,
mo ń ṣa lẹ́tà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ wò:
wọ́n ní èèyàn lè rí ilé iṣẹ́
tí wọ́n ti ń rọ Yàmáhà ní Japáànù.
Mo fẹ́ rí ọwọ́ ẹni tó ń di nọ́ọ̀tì tí èmi ń tú.

Kàfáyátù ọmọ ilé kejì, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀,
wọlé wá tọrọ òróró fún máṣíìnì ọ̀gá rẹ̀.
Kò fọwọ́ kan wáyà. Ó kàn wo igun òkè.
"Bàbá, ọdún wo lẹ rò pé a wà?"
Mo ní kí ló kan ọdún.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2016.
"Ìwé tí wọ́n fi ń hàn án lẹ́nu ọ̀nà,
ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kò tíì pé lójú tiẹ̀.
Ó pè wọ́n ní gbájúẹ̀, ó tilẹ̀kùn.
Ẹ tún ọjọ́ ṣe, á ṣí."
Ó gba òróró rẹ̀, ó lọ.

Ọdún 2016.
Sẹ̀fíyátù ṣì wà.
Kò tíì sí ikọ́ kankan.
Ó ń bá mi jà nítorí gíríìsì ara aṣọ ibùsùn,
ó ń yan ọ̀bọ̀kún lẹ́yìnkùlé,
èéfín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yìí gan-an wọlé.
Ẹ̀rọ tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé mi
kọ̀ láti gbà pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.
N kò bá a wí.
Lọ́dún tó kú, kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí wà lára ògiri,
mi ò ṣí ewé rẹ̀ títí ọdún fi yípo.

Mo jókòó, rìmóòtù wà lórí orúnkún mi.
Iná lè lọ nígbàkigbà.
Mo tẹ̀ ẹ́. Mẹ́tàdínlógún.
Méjìdínlógún ni mo yára tẹ̀ kọjá,
bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú lálẹ́.
Mọ́kàndínlógún, ogún, mọ́kànlélógún,
títí ó fi bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Òrùka yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dá.
Yàrá funfun kan yọ. Ọkùnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ búlúù,
ó mú nọ́ọ̀tì kan, ó wò ó, ó dì í.
Ó dì í le jù.
Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.